Dídín Jíà Kù

Kò sí ohun ńlá nínú kí ọkọ̀ sáré. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹsẹ̀ ọ̀tún lè mú un sáré. Ibi tí a ti ń mọ awakọ̀ ni ibi tí ó ti ń dín eré kù, nítorí níbẹ̀ ni ewu wà. Bí ẹ bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ẹ ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì tí yóò ké sókè lójijì nígbà tí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń rọra. Èyí a máa ya ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lẹ́nu: ọkọ̀ ń dín eré kù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń pariwo bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra. Igbe kékeré yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó ń mú un jáde. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ asáré òde òní, ẹ̀rọ ni ó ń ṣe é, àwọn kan sì ti ń wí pé kò sí ìdí tí ọmọdé fi ní láti kọ́ ọ mọ́. Èmi kò tí ì gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ìfẹ́ tí mo ní sí ohun àtijọ́ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù wá lọ ní ọ̀nà púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí jíà wà fún. Ẹ́ńjìnnì kò lè ṣiṣẹ́ bí ó bá ń yí jẹ́jẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ ni yóò fọ́ bí ó bá ń yí kíákíá jù. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè rọra yí nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, kí ó sì yí bí ìjì nígbà tí ọ̀nà bá tẹ́jú. Àwọn irin eléyín tí ó wà nínú àpótí jíà ni wọ́n dúró láàrin àwọn méjèèjì bí alárinà. Jíà kìn-ín-ní ń fún ọkọ̀ ní agbára ṣùgbọ́n kò ní eré; jíà tí ó ga ní eré ṣùgbọ́n kò ní agbára púpọ̀. Kí a ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ní jíà kẹrin, ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 1.2 fún ìyípo kọ̀ọ̀kan ọ̀pá tí ń lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, tí ó sì ń yí ní ìgbà 1.5 ní jíà kẹta, nígbà náà ẹ́ńjìnnì tí ń yí ní ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan ní jíà kẹrin gbọ́dọ̀ máa yí ní ìgbà 5,000 bí a bá bọ́ sí jíà kẹta, bí eré ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ yí padà rárá. Ta ni yóò wá ìgbà 1,000 tí ó kù yìí? Gbogbo ọ̀rọ̀ dídín jíà kù kò ju ìbéèrè yìí lọ.

Bí awakọ̀ kò bá wá a, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni yóò wá a ní tipátipá. Nígbà tí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ń yí lórí ilẹ̀ yóò fa ẹ́ńjìnnì lójijì kí ó lè bá a dọ́gba, ọkọ̀ yóò sì ta síwájú bí ẹṣin tí a fa ìjánu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Nínú ọkọ̀ jẹ́jẹ́, ọrùn àwọn èrò ni yóò jìyà rẹ̀, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọkọ̀ asáré tí ó ń wọ kọ́nà, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ẹni tí ó ru omi tí ó sì dúró lójijì mọ̀ pé iwájú ni omi ń dà sí. Bákan náà ni ìwúwo ọkọ̀ ṣe ń lọ sí iwájú nígbà tí a bá tẹ ìjánu mọ́lẹ̀. Táyà ẹ̀yìn a fúyẹ́, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ di ilẹ̀ mú mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá fi ipá fa táyà ẹ̀yìn yẹn ní àkókò náà gan-an, táyà yóò fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìdí ọkọ̀ yóò sì gbìyànjú láti ṣáájú orí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olówó iyebíye ti wọ inú igbó lọ nítorí ìgbà 1,000 tí ẹnikẹ́ni kò wá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, kò wa ọkọ̀ asáré rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni mo kọ́kọ́ rí tí ó ń dáhùn ìbéèrè yẹn. Bọ́lẹ̀kájà ni ó ń wà, ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tí a fi pákó kan ara rẹ̀, láàrin Iléṣà àti Adó-Èkìtì. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé láti Ìtàwúré dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, bí òkè kan bá tán, òkè mìíràn ni ó ń gba ipò rẹ̀. Ní àkókò ìsinmi, ó máa ń jẹ́ kí n jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo sì máa ń wò jù ojú ọ̀nà lọ. Àpótí jíà ọkọ̀ yẹn kò ní ohun ìrọ̀rùn kankan. Bí ó bá fẹ́ bọ́ láti jíà kẹta sí ìkejì, yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, yóò fa jíà sí fíríì, yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, yóò tẹ iná kí ẹ́ńjìnnì lè ké sókè, yóò tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kejì, nígbà náà ni jíà yóò wọlé jẹ́jẹ́ bí ọ̀bẹ tí ń wọ inú àkọ̀. Bí ó bá tètè jù tàbí tí ó bá pẹ́ jù, irin yóò fi eyín họ irin, gbogbo àwọn ìyálọ́jà tí ń bẹ lẹ́yìn yóò sì bú sẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n bú u, bí ọjà ọjọ́ náà bá ti rí.

Mo bi í léèrè nígbà kan pé báwo ni ó ṣe ń mọ ìgbà tí ó tó. Ó ní, “Etí ni, ọmọ mi.” Kò lè jẹ́ ojú lóòótọ́, nítorí aago tí ó yẹ kí ó máa sọ bí ọkọ̀ náà ti ń sáré tó ti kú kí a tó bí mi.

Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni ó ń fi jíà ṣe. Ìjánu a máa mú ọkọ̀ dúró nípa sísọ eré rẹ̀ di ooru, ooru náà sì ní ibi tí ó lè dé. Ọkọ̀ tí ó ru iṣu àti èrò, tí ó sì fi ìjánu nìkan sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè gígùn, ìjánu rẹ̀ yóò gbóná títí tí kò fi ní mú nǹkan mọ́. Nítorí náà ni Bàbá Àgbà ṣe máa ń dín jíà kù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè máa di ọkọ̀ mú. Òfin rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: jíà tí ó gbé ọ gun òkè ni yóò gbé ọ sọ̀ ọ́. Mo ti gbọ́ irú òfin yìí lẹ́nu àwọn awakọ̀ akẹ́rù ní ilẹ̀ mìíràn pẹ̀lú, mo sì rò pé òkè fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ gbogbo wọn.

Ohun tí ó mú ìdààmú irin-họ-irin kúrò ni òrùka idẹ kékeré kan. Ní 1928 ni ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà gbé e jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀; Earl Thompson ni onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ṣe é. Kí eyín jíà tó wọ inú eyín, òrùka náà a kọ́kọ́ fi ara ra irin kejì títí tí àwọn méjèèjì yóò fi máa yí ní ìwọ̀n kan náà. Láti ìgbà yẹn, ẹni tí kò ní etí Bàbá Àgbà pàápàá lè yí jíà láìsí ariwo. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwọn irin inú àpótí jíà nìkan ni òrùka yìí ń mú bá ara wọn mu. Kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì, nítorí kílọ́ọ̀ṣì ti ya wọ́n sọ́tọ̀ nígbà náà. Ìgbà 1,000 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣì wà níbẹ̀ tí ó ń dúró de awakọ̀.

Nínú ọkọ̀ asáré tí a ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni a fi ń wá a. Ẹsẹ̀ méjì péré ni a ní, ohun tí a ó tẹ̀ sì jẹ́ mẹ́ta. Awakọ̀ yóò fi iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ìjánu, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀ ẹ́, nítorí kọ́nà ń bọ̀. Ẹsẹ̀ òsì yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Bí ọwọ́ bá ti ń fa jíà láti ìkẹrin sí ìkẹta, yóò yí ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn kan náà díẹ̀, yóò fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàbí gìgísẹ̀ ta iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì yóò ké, ẹsẹ̀ òsì yóò sì gòkè. Gbogbo èyí kò gbọdọ̀ gba ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ìjánu kò sì gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí ó wà lórí òun ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí ó ń kọ́ ọ yóò kọ́kọ́ rò pé egungun ẹsẹ̀ òun kò tẹ̀ sí ìhà ibẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, yóò máa ṣe é bí ẹni tí ń jó, kò sì ní mọ̀ ìgbà tí ó ń ṣe é mọ́.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹ̀rọ tí ó fẹ́ gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Adolphe Kégresse, tí ó ti fìgbà kan jẹ́ alábòójútó ọkọ̀ Ọba Nicholas Kejì ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni ó ronú kan àpótí jíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì ní 1939. Ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún náà, Kégresse sì kú ní 1943, kò rí i kí ohun tí ó rò di ohun tí à ń tà ní ọjà. Nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ará ilé iṣẹ́ Porsche ní Jámánì mú un wọ inú ọkọ̀ ìdíje. Ó wúwo, ó sì fún wọn ní wàhálà púpọ̀, ṣùgbọ́n ní 1986 Hans Stuck àti Derek Bell fi ọkọ̀ Porsche 962 tí ó ní irú àpótí jíà yìí gba ipò kìn-ín-ní ní Monza ní ilẹ̀ Ítálì. Ní 2003, Volkswagen fi í sínú ọkọ̀ Golf R32 fún gbogbo ayé láti rà. Lẹ́yìn èyí ni ó tàn kálẹ̀: Nissan GT-R ní 2007, Porsche 911 ní 2008. Nígbà tí Ferrari gbé 458 Italia jáde ní 2009, kò fi jíà ọwọ́ sínú rẹ̀ rárá.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Dípò ọ̀pá kan tí ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá méjì ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan wà nínú ihò èkejì bí ọmọ odó nínú odó. Ọ̀kan ru jíà kìn-ín-ní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje. Èkejì ru ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ ní jíà kẹrin, kọ̀ǹpútà tí ń darí àpótí náà ti fi ọ̀pá kejì sí jíà tí ó rò pé a ó fẹ́ lẹ́yìn náà. Bí awakọ̀ bá ń tẹ ìjánu, yóò rò pé ìkẹta ni. Bí ó bá ń tẹ iná, yóò rò pé ìkarùn-ún ni. Nítorí náà, nígbà tí awakọ̀ bá fi ìka fa ewé irin kékeré tí ó wà lẹ́yìn sítíárì, kò sí jíà tí à ń wá kiri mọ́. Kílọ́ọ̀ṣì kan ń ṣí bí èkejì ti ń pa dé, gẹ́gẹ́ bí ìyá méjì tí ń gbé ọmọ fún ara wọn: ọ̀kan kì í fi ọmọ sílẹ̀ kí èkejì tó dì í mú. Kọ̀ǹpútà kan náà ni yóò sì ta iná fún ẹ́ńjìnnì ní ìwọ̀n tí ó tọ́. Ìgbà 1,000 yẹn ti dé kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Àwọn ènìyàn a máa da ẹ̀rọ yìí pọ̀ mọ́ ọkọ̀ tí ń yí jíà fúnra rẹ̀ láti ayé àtijọ́, èyí tí ń fi òróró gbé agbára láti ẹ́ńjìnnì dé àpótí jíà. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń da ewé irin ẹ̀yìn sítíárì pọ̀ mọ́ kílọ́ọ̀ṣì méjì. Ọkọ̀ Ferrari tí Nigel Mansell fi gba ipò kìn-ín-ní ní Rio de Janeiro, ní ilẹ̀ Brazil, ní 1989, ní ewé irin náà, òun sì ni ọkọ̀ ìdíje Fọ́múlà Kìn-ín-ní tí ó kọ́kọ́ fi í borí; ṣùgbọ́n kì í ṣe oníkílọ́ọ̀ṣì méjì.

Ní orí òkè Eifel ní Jámánì, ọ̀nà ìdíje kan wà tí a ń pè ní Nürburgring. Ní 1927 ni a ṣí i. Apá rẹ̀ ti àríwá gùn tó kìlómítà 20.8, ó ń pọ́n òkè, ó ń sọ̀, ó ń yí bí ejò láàrin igbó. Ní àwọn ọjọ́ kan, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé àṣẹ àti ọkọ̀ tí ó bá òfin mu lè sanwó kí ó sì wọ inú rẹ̀. Nígbà tí mo ń gbé ní Köln, ọ̀rẹ́ mi kan, ará Jámánì, mú mi lọ síbẹ̀. Ó ní Porsche 911 àtijọ́ kan tí a ṣe ní nǹkan bí 1995, jíà ọwọ́ mẹ́fà ni ó ní. Àbúrò rẹ̀ sì ní èyí tí ó jẹ́ tuntun ju bẹ́ẹ̀ lọ, oníkílọ́ọ̀ṣì méjì, jíà méje. Ọ̀rẹ́ mi fi àwọn méjèèjì gbé mi yí ọ̀nà náà po ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n n kò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aremberg. Ọkọ̀ a máa fi eré líle dé ibẹ̀, lẹ́yìn kọ́nà òsì kan tí ó fẹjú, lẹ́yìn náà ọ̀nà yóò pa kọ́nà sí ọ̀tún gan-an. Nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ mi tẹ ìjánu, mo sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bọ́ láti ìkarùn-ún sí ìkẹrin, ó bọ́ sí ìkẹta. Lẹ́ẹ̀mejì ni gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yí síta, tí ẹ́ńjìnnì sì ké lẹ́yìn wa. Ẹnu rẹ̀ pa mọ́, kò dá mi lóhùn bí mo ti ń béèrè ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Aremberg ni ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ wọ ibi tí wọ́n ń pè ní Fuchsröhre, èyí tí a lè túmọ̀ sí ihò kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ọkọ̀ a já wọ inú ihò náà bí òkúta tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni, yóò sì tún gun òkè lọ sí Adenauer Forst, níbi tí kọ́nà méjì tí ó há ti ń dúró dè é, ọ̀kan sí òsì, èkejì sí ọ̀tún. Níbẹ̀ ni ó ti fa jíà dé ìkejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú àáyá. Ìdí ọkọ̀ mì, mo mọ̀ ọ́n nínú ìdí mi kí ojú mi tó rí i. Ó tún sítíárì ṣe, a sì kọjá.

Nínú ọkọ̀ kejì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò kúrò lórí sítíárì. Ní Aremberg, ìka òsì rẹ̀ fa ewé irin lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì sì dá a lóhùn pá, pá, pá, láìsí pé ọkọ̀ mì rárá. Ní Adenauer Forst, ibi tí ìdí ọkọ̀ ti mì lẹ́ẹ̀kan, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé jíà yí bí kò ṣe pé etí mi gbọ́ ọ. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀rẹ́ mi ń sọ̀rọ̀. Ó ń fi ibi tí ọ̀nà ti rin omi hàn mí, ó ń sọ fún mi pé ọkọ̀ tí ó wà níwájú wa fẹ́ yà fún wa. Gbogbo ọgbọ́n orí tí ẹsẹ̀ ti ń ná nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni ojú rí lò nínú èkejì. Kí á má tan ara wa jẹ: lójú ọ̀nà tí ó léwu, ojú tí ó ráyè sàn ju ẹsẹ̀ tí ó gbọ́n lọ. Ẹni tí ó bá ń sọ fún yín pé jíà ọwọ́ yára ju ti ẹ̀rọ yìí lọ, eré kí ni ajá ń bá ẹkùn ṣe? Kò sí ọwọ́ ènìyàn tí ó lè bá a dọ́gba.

Àǹfààní kejì rẹ̀ wà nínú ohun tí ó máa ń kọ̀. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ yí jíà lè fẹ́ lọ láti ìkẹta sí ìkẹrin, kí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣìnà bọ́ sí ìkejì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,500 nígbà náà, tí jíà kẹta jẹ́ 1.5 tí ìkejì sì jẹ́ 2.1, ìgbà 9,100 ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò fi ipá mú un yí. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ni yóò fọ́ yángá kí ó tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá bẹ kọ̀ǹpútà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì pé kí ó ṣe irú nǹkan yìí, kò ní gbà. Ẹ lè fa ewé irin náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Síbẹ̀, kì í ṣe àǹjọ̀nnú. Àbá ni ó ń dá, àbá sì lè má bọ́ sí i. Bí ó bá ti fi ọ̀pá kejì sí jíà karùn-ún, tí awakọ̀ sì fẹ́ ìkẹta lójijì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú èyí tí ó ti dì, ẹ ó sì mọ̀ pé ó ṣiyèméjì díẹ̀. Bákan náà, ìkẹfà àti ìkẹrin wà lórí ọ̀pá kan náà, nítorí náà kò lè fo láti ọ̀kan sí èkejì bí ó ti ń fo sí ìkarùn-ún. Ọwọ́ ènìyàn ní tirẹ̀ lè fa jíà láti ìkẹfà sí ìkejì bí eré bá ti rọlẹ̀ tó, kò bìkítà fún ọ̀pá tí ó wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà wúwo pẹ̀lú, ó sì gbówó lórí láti tún ṣe. Mẹkáníìkì abẹ́ igi tí ó mọ gbogbo egungun ọkọ̀ jíà ọwọ́ kò lè ṣí i láìsí kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí n kò lè fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Nígbà tí a ń jáde kúrò ní Adenauer Forst nínú ọkọ̀ kejì, mo bi ọ̀rẹ́ mi pé jíà kelòó ni a wà. Ó ní láti wo aago iwájú rẹ̀ kí ó tó dá mi lóhùn. Nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni ì bá dá mi lóhùn. Ó dà bí ẹni pé àwọn tí ń ra ọkọ̀ mọ èyí, nítorí pé nígbà tí Porsche gbé 911 GT3 jáde ní 2013 láìsí jíà ọwọ́, ariwo àwọn oníbàárà pọ̀. Ní 2016, ilé iṣẹ́ náà ṣe ọkọ̀ kan tí a ń pè ní 911 R, jíà ọwọ́ nìkan ni ó ní, 991 péré ni wọ́n ṣe, gbogbo rẹ̀ sì tán lọ́wọ́ wọn. Ní 2017, wọ́n dá jíà ọwọ́ padà sínú GT3 fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ̀ dájú pé èyí tí àwọn ń béèrè kò yára tó èkejì. Wọ́n béèrè rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nissan ti gbìyànjú láti mú àwọn méjèèjì rẹ́. Nínú ọkọ̀ 370Z ti 2009, ọwọ́ ènìyàn ni ó ń yí jíà, ẹsẹ̀ òsì ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni ó ń ta iná fún ẹ́ńjìnnì. Ọgbọ́n tí ó dára ni, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè pa á. Èmi ì bá pa á.

Mo sọ gbogbo èyí nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tí ń gbé ní London. Ọmọ ọdún 19 ni, ó sì fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ tí ń yí jíà fúnra rẹ̀ ṣe ìdánwò kò lè fi ìwé àṣẹ náà wa ọkọ̀ jíà ọwọ́. Ẹni tí ó bá fi jíà ọwọ́ ṣe é lè wa méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kò sòro lójú mi, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ jíà ọwọ́ gùn ju èkejì lọ, ọmọ náà ló sì ń fi owó iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ sanwó rẹ̀. Ó pè mí, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Ańkù, ẹ má bínú o. Ọkọ̀ oníná mànàmáná kò ní jíà. Kí ni mo fẹ́ fi kílọ́ọ̀ṣì ṣe nígbà tí mo bá dàgbà tó yín?”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní láárí. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná, jíà kan ṣoṣo ni ó ní. Porsche Taycan tí ó jáde ní 2019, tí ó ní méjì lẹ́yìn, ṣọ̀wọ́n láàrin wọn. Ó lè jẹ́ pé nígbà tí ọmọ rẹ̀ yóò bá kọ́ ọkọ̀, ìbéèrè ìgbà 1,000 kò ní sí mọ́ fún ẹnikẹ́ni láti dáhùn. N kò bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo sọ fún un ni pé iṣẹ́ tí ó ń wá báyìí, iṣẹ́ kíkó ẹrù ilé, jíà ọwọ́ ni àwọn ọkọ̀ wọn ní, kì í sì í ṣe nígbà tí ó bá dàgbà tó mi ni yóò jẹun. Mo ní bí ó bá yan jíà ọwọ́, èmi yóò san owó tí ó fi ju èkejì lọ. Ó ronú sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì gbà.

Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ níwájú iná ojú pópó, àwọn tí ó wà lẹ́yìn sì fọn fèrè sí i. Ní oṣù kejì, ó ní ọkọ̀ máa ń ta òun síwájú nígbàkígbà tí òun bá bọ́ sí jíà kejì kí òun tó wọ oríta. Olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé kí ó rọra máa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, òótọ́ sì ni olùkọ́ náà sọ, nítorí pé bí kílọ́ọ̀ṣì bá ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀, òun ni yóò máa wá ìgbà tí ó kù fún ẹ́ńjìnnì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara kílọ́ọ̀ṣì ni yóò fi san gbèsè náà. Mo ní kí ó ṣe bí olùkọ́ ti wí títí ìdánwò yóò fi kọjá. Lẹ́yìn náà mo ṣàlàyé ọ̀nà kejì fún un, mo ní kí ó dákẹ́ ẹ̀rọ orin, kí ó sì fetí sílẹ̀.

Ó yege ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kejì tí ó ṣe é. Ọkọ̀ akẹ́rù funfun kan ni wọ́n fún un níbi iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti inú rẹ̀: n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, bí kò ṣe ẹ́ńjìnnì tí ń rọlẹ̀, tí ó sì ké sókè lẹ́ẹ̀kan, kúkúrú, kí ọkọ̀ tó yà sí òsì.